Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́kọ́ńdírì Láti Dá Ṣe Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ ń bi mí ṣáá: "Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ ṣe ìwádìí tiwọn, àmọ́ kò sí láàbù gidi, kò sí àkókò, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é?" Ìdáhùn mi rèé. Kò gba láàbù ńlá. Ohun tó gbà ni pé kí ẹ lè káwọ́ gbera nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe àṣìṣe tí kò ní pa á lára, kí ẹ sì tètè dá a dúró bó bá fẹ́ ṣe èyí tó lè pa á lára. Èyí àkọ́kọ́ ló le jù fún olùkọ́.

Ìwádìí yàtọ̀ sí ìdánwò inú ìwé kíláàsì. Nínú ti kíláàsì, olùkọ́ ti mọ ìdáhùn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ife. Nínú ìwádìí, ẹ̀yin pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n fi fínígà àti sódà ṣe dùn ún wò, ó ń hó, ó ń ru, ṣùgbọ́n àfihàn lásán ni. Kò sí ìbéèrè tó dáhùn.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí ná:

- Ọ̀sẹ̀ 12 tí ẹ lè ka sí tiyín. Mo máa ń pín in báyìí: 3 fún ìbéèrè, 1 fún ètò, 1 fún ìdánwò kékeré, 4 fún kíkó dátà jọ, 1 fún yíyẹ̀ ẹ́ wò, 2 fún kíkọ àti sísọ ọ́.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n rán mọ́ra ni o, kì í ṣe bébà tó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.
- Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí apá yín ká. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ má gbà ju ìwádìí 8 lọ. Ọmọ mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí kan, bí wọ́n bá pọ̀ ju mẹ́ta lọ, ẹnì kan á máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á máa wòran.
- Ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀ fún ìwádìí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀rọ̀, tí ẹ̀yin á gbọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Wíwá ìbéèrè

Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kú, tí wọ́n á sì máa wá òkú rẹ̀ kiri nínú láàbù. Bí ìbéèrè bá dára, akẹ́kọ̀ọ́ á rọ́nà gbé e gbà, kódà kó jẹ́ rúlà àti aago nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìbéèrè kò bá dára, ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kánjú níbí.

1. Ọ̀sẹ̀ kìíní: kíkọ ohun tí ojú rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun 20 tó rí tó sì ṣe é ní kàyéfì. Kó má wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló dé tí ewé ìsàlẹ̀ igi yìí fi fẹ̀ ju ti òkè lọ? Kí ló dé tí bátìrì fóònù fi máa ń tètè kú nínú òtútù? Kí ló dé tí àwọn èèrà yìí fi ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo? Mẹ́wàá àkọ́kọ́ á rọrùn, mẹ́wàá tó kù á gba ìwòye. Inú mẹ́wàá kejì yìí ni ìbéèrè tó dáa sábà máa ń wà.
2. Ọ̀sẹ̀ kejì: yíyan mẹ́ta. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó dáhùn ohun méjì: Kí ni mo fẹ́ yí padà? Kí ni mo fẹ́ wọ̀n, kí sì ni màá fi wọ̀n ọ́n? Èyí tí kò bá lè dáhùn, kó fi sílẹ̀.
3. Ọ̀sẹ̀ kẹta: gbígbẹ́ ẹ títí á fi mú. Ẹ wo bí ìbéèrè kan ṣe lè rìn:
   - "Báwo ni iyọ̀ ṣe ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́?" Ó fẹ̀ jù. Iyọ̀ wo? Ohun ọ̀gbìn wo? Kí ni "bíbàjẹ́"?
   - "Ṣé omi oníyọ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn ẹ̀wà hù?" Ó ti ń sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀.
   - "Bí iyọ̀ inú lítà omi kan bá jẹ́ gíráàmù 0, 2, 4, 6 tàbí 8, irúgbìn ẹ̀wà mélòó nínú 20 ni yóò hù láàárín ọjọ́ 7?" Èyí ṣeé ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la.

### Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

"Èwo ló dára jù?" "Dára" kò ṣeé wọ̀n. Ọṣẹ tó dára jù ńkọ́? Ṣé èyí tó ń hó jù ni, àbí èyí tó ń yọ àbàwọ́n kúrò kíákíá? Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mú ọ̀kan.

Ìbéèrè tó fẹ́ gba ayé là. Ọmọ ọdún 15 fẹ́ wá oògùn jẹjẹrẹ. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé: "Nínú ọ̀rọ̀ ńlá yìí, apá wo ni o lè wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?" Ó ṣeé ṣe kó bọ́ sórí bí aṣọ oríṣiríṣi ṣe ń dí ìtànṣán oòrùn, tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, lọ́wọ́. Ìwádìí gidi sì nìyẹn.

Ìbéèrè olùkọ́. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, ẹ̀yin lẹ sì ń ṣe é. Ọmọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, àánú ṣe yín, ẹ bá fún un ní àkòrí. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ yín ló ń bá yín ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ ọn lọ́rùn, ohun èlò ni kí ẹ fún un, ẹ má fún un ní ìbéèrè: "Tẹmómítà rèé. Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ̀n ibi mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́, kí o wá sọ ohun tó yà ọ́ lẹ́nu fún mi." Mi ò tíì rí ọmọ tó lọ tó padà wá lọ́wọ́ òfo.

## Ìgbésẹ̀ 2: Wíwo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe

Ìwé mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Google Scholar dára láti fi wá a. Ìwé ìwádìí tí kò béèrè owó wà lórí DOAJ, ti ìmọ̀ ìṣègùn àti ohun abẹ̀mí sì wà lórí PubMed Central. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lóye gbogbo rẹ̀, kò sì pọn dandan. Ẹ kọ́ ọ kó ka àkótán rẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó wo àwọn àwòrán àti gíráàfù, kó wá ka apá tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Kó kọ gbólóhùn mẹ́ta fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: kí ni wọ́n béèrè, báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, kí ni wọ́n rí.

Ìkìlọ̀ kan: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo ẹ̀rọ bíi ChatGPT, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ náà lè hùmọ̀ orúkọ ìwé tí kò sí láyé, kó sì fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sí i kó lè dà bí òótọ́. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ṣí fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ètò olójú ewé kan

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀n ohunkóhun kí ẹ tó buwọ́ lu ojú ewé yìí. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nìyí:

1. Ìbéèrè náà, ní gbólóhùn kan.
2. Àbá: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Àbá tí kò ní "nítorí pé" nínú, àfọ̀ṣẹ ni.
3. Ohun kan ṣoṣo tí yóò máa yí padà. Nínú àpẹẹrẹ wa, iye iyọ̀ ni.
4. Ohun tí yóò máa wọ̀n tàbí kà, àti bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà wo gan-an ni a lè sọ pé irúgbìn ti "hù"? Nígbà tí gbòǹgbò bá yọ mìlímítà 2? Kó kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, torí pé lọ́jọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ á ti máa rí ohun tó wù ú.
5. Gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí padà: irú irúgbìn, iye omi, ìmọ́lẹ̀, ooru, irú àwo.
6. Ẹgbẹ́ ìfiwéra: àwọn tí a kò fi iyọ̀ sí rárá. Láìsí wọn, bí irúgbìn kò bá hù, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ló fà á tàbí irúgbìn náà ti kú tẹ́lẹ̀?
7. Iye ìgbà tí yóò tún un ṣe.
8. Irú gíráàfù tó rò pé yóò yà nígbẹ̀yìn. Kó yà á lófìfo pẹ̀lú orúkọ ìlà méjèèjì. Ọmọ tí kò bá lè yà á kò tíì mọ ohun tó ń wá.

Nípa títún un ṣe, ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé. Àwo mẹ́ta fún ìwọ̀n iyọ̀ kọ̀ọ̀kan, irúgbìn 20 nínú àwo kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n iyọ̀ márùn-ún: àwo 15 àti irúgbìn 300 nìyẹn. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò yìí lórí bébà á mọ̀ bóyá ààyè wà fún un. Ẹ sì jẹ́ kó yé e pé wíwọ̀n ewéko kan ní ìgbà mẹ́wàá kò sọ ọ́ di ewéko mẹ́wàá. Àwọn àgbà pàápàá máa ń ṣi èyí mú.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé nǹkan sí náà wà. Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan to gbogbo àwo oníyọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì to àwọn tí kò níyọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé ààyè kò tó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wọ̀n ọ́n dáadáa, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá iyọ̀ ló ṣe é tàbí oòrùn. Èmi ni mo buwọ́ lu ètò rẹ̀, mi ò sì béèrè ibi tí àwo á wà. Láti ìgbà náà, gègé ni a fi ń pinnu ibi tí àwo kọ̀ọ̀kan á jókòó sí.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ààbò àti ìyọ̀ǹda

Níbí, ẹ má káwọ́ gbera. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmùkùrù ẹsẹ̀.

- Kòkòrò àìfojúrí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin bakitéríà nílé. Òfin Regeneron ISEF, ìdíje sáyẹ́ǹsì àgbáyé fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, kò fàyè gba gbígbin bakitéríà nílé, kódà irú èyí tí kì í ṣeni ní jàǹbá. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi òwú nù lára ènìyàn tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àrùn nínú àwo. Bó bá jẹ́ ní láàbù ilé-ẹ̀kọ́ ni, ẹ lẹ àwo pa, ẹ má ṣí i mọ́, kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì pa ohun inú rẹ̀ kí ẹ tó dà á nù.
- Kẹ́míkà. Ẹ ka àkọlé ara ìgò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ amóníà tàbí ásíìdì láéláé, fínígà pàápàá wà nínú ásíìdì: gáàsì olóró ló ń jáde. Awò ojú gbọ́dọ̀ wà lójú.
- Iná mànàmáná. Bátìrì kékeré ni kí wọ́n lò. Ohunkóhun tí wọ́n fẹ́ kì bọ ihò iná ara ògiri, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.
- Ẹranko. Kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́. Ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn gba àṣẹ kíkọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
- Ènìyàn. Ìwé ìbéèrè ṣókí tí ọmọ fẹ́ pín fún ẹgbẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ ìwádìí lórí ènìyàn. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 nílò ìyọ̀ǹda òbí. Kí wọ́n má gba orúkọ, kí ẹni tó bá sì fẹ́ jáwọ́ lè jáwọ́ láìsọ ìdí.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ìdíje lọ́kàn, ẹ ka òfin ìdíje náà kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan. Irú ìwádìí kan nílò kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i ṣáájú. Bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ, kò sí bí a ṣe lè dá ọjọ́ padà.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìdánwò kékeré

Ọ̀sẹ̀ kan, àwo méjì tàbí mẹ́ta péré. Kì í ṣe láti rí ìdáhùn o, láti rí ohun tí yóò bàjẹ́ ni: bébà inú àwo gbẹ lọ́jọ́ kejì, òṣùwọ̀n kò lè wọ̀n gíráàmù 2, irúgbìn ń hù lópin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì. Kó tún ètò rẹ̀ ṣe, kí ẹ tún buwọ́ lù ú. Dátà inú ìdánwò kékeré yìí kò gbọ́dọ̀ wọ inú dátà gidi.

## Ìgbésẹ̀ 6: Kíkó dátà jọ

Òfin ìwé àkọsílẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ṣeé yẹ̀:

- Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù.
- Ọjọ́ àti aago lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.
- Bí wọ́n bá ṣì í kọ, kí wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo la á láàárín kó ṣì ṣeé kà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
- Nọ́ḿbà kò gbọ́dọ̀ wà láìní òṣùwọ̀n. "12" kì í ṣe nǹkan. Mìlímítà 12 ni àbí wákàtí 12?
- Ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ lálẹ́ láti inú orí, ìtàn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ wọn láti wọ̀n nǹkan kó péye. Ẹ̀kọ́ kan tí mo fẹ́ràn nìyí. Ẹ so òkúta mọ́ okùn tó gùn ní mítà 1, ẹ jẹ́ kó máa fì díẹ̀díẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ kan ń gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2. Ṣùgbọ́n ìka ọmọ lórí aago lè fi nǹkan bí 0.2 ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ tàbí yá. Bó bá wọ̀n àlọ-àbọ̀ kan, àṣìṣe náà jẹ́ ìdá kan nínú 10. Bó bá wọ̀n àlọ-àbọ̀ 10 papọ̀, tí ó wá pín in sí 10, àṣìṣe di ìdá kan nínú 100. Aago náà ni, ọwọ́ náà ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní máa pariwo pé ohun èlò òun kò dára.

Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó ń kà á má mọ èwo ni èwo. Ẹ fi lẹ́tà sára àwo dípò iye iyọ̀, kí ọ̀rẹ́ kan pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

### Bí kò bá sí láàbù

Fóònù lè wọ̀n ìmọ́lẹ̀, ìró àti bí nǹkan ṣe ń yára sí i. Áàpù phyphox ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. ImageJ, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, lè wọ̀n bí ewé ṣe fẹ̀ tó láti inú àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ yà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tàbí kí ọmọ má wọ̀n ohunkóhun: kó lo dátà tó ti wà nílẹ̀. NASA kó ti ojúọjọ́ àti ti òfuurufú síta fún gbogbo ayé, iNaturalist ní ti ewéko àti ẹranko, eBird ní ti ẹyẹ. Àwọn kan ń fojú kéré ìwádìí orí dátà tó ti wà. Mi ò sí nínú wọn. Ìbéèrè rẹ̀ ló máa ń le jù, kò sì sí ewu bakitéríà níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Yíyẹ dátà wò

1. Kí wọ́n kọ́kọ́ yà á kí wọ́n tó ṣe ìṣirò kankan. Ojú máa ń rí ohun tí nọ́ḿbà fi pamọ́.
2. Kí wọ́n wá ìpíndọ́gba, kí wọ́n sì sọ bí àwọn nọ́ḿbà ṣe jìn síra tó. Ìpíndọ́gba nìkan máa ń tanni jẹ.
3. Bí ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjì bá kéré sí ìyàtọ̀ inú ẹgbẹ́ kan náà, kí wọ́n má pariwo.

Nọ́ḿbà tó yàtọ̀ gedegbe ni ẹjọ́ tó máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Ká ní ọmọ wọ̀n 12, 13, 12, 14 àti 29. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 16, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹyọ kan ló kọjá 16 nínú márààrún. Ọmọ á fẹ́ pa 29 rẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ rán an padà sínú ìwé àkọsílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí ó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwo dànù tàbí òun ka rúlà lódì, ó lè yọ ọ́, kó sì sọ fún òǹkàwé pé òun yọ ọ́. Bí kò bá sí ìdí kankan, 29 dúró. Kó lo iye àárín, ìyẹn èyí tó bọ́ sí agbedeméjì nígbà tí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Nínú èyí, 13 ni.

Bí àbá akẹ́kọ̀ọ́ kò bá jóòótọ́ ńkọ́? Ojú á ro ó, àwọn mìíràn á sunkún. Ẹ sọ fún un lójú gbogbo kíláàsì pé máàkì rẹ̀ kò dín. Kí ẹ sì rí i dájú pé kò dín lóòótọ́. Ọmọ tó bá rí i pé àbá tó tọ̀nà ló ń gba máàkì á bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ dátà, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

## Ìgbésẹ̀ 8: Kíkọ ọ́ àti sísọ ọ́

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, torí pé òun ló rọrùn jù. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n rí, lẹ́yìn náà ìtumọ̀ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ gbẹ̀yìn. Ẹ fún ọmọ mìíràn ní apá "bí mo ṣe ṣe é" kó kà á. Bí kò bá lè tún iṣẹ́ náà ṣe láìbéèrè nǹkan kan, kò tíì parí. Ẹ má gba "ìwádìí mi fi hàn dájúdájú pé" lọ́wọ́ ẹni tó lo àwo 15.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlòmíràn, ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi gbogbo wọn, mo sì máa ń fún wọn ṣáájú:

- Kí ni o ṣe láti mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn ló fa ohun tí o rí?
- Nọ́ḿbà wo nínú iṣẹ́ rẹ ni ọkàn rẹ kò balẹ̀ sí jù?
- Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́, kí ni ẹni náà ṣe?
- Bí o bá tún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ni wàá wọ̀n?

Ìdáhùn sí ìkẹrin ni kí wọ́n kọ sójú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ ya ojú ewé wọ̀nyẹn ní fọ́tò kí wọ́n tó kó ìwé wọn lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ọmọ tuntun kan bá jókòó síwájú yín tí kò rí ìbéèrè kankan bi, ẹ óò ní nǹkan tí ẹ lè gbé fún un kà.